Bí mo ṣe ń ra gọ́ọ̀jì tí ò wọ́n, àti bí mo ṣe ń pọ́n ọn títí á fi mú

Okun o, gbogbo ilé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọkùnrin kan gbé páálí kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Kàbà, gọ́ọ̀jì méjìlá, irin oníkòtò tá a fi ń gbẹ́ igi, ló tò sínú ẹ̀, wọ́n ń dán yinrinyinrin, èèkù wọn pupa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń fi gbẹ́gi, kàkà kó gé igi ńṣe ló ń fà á ya." Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé ẹnu ẹ̀ lé èékánná àtàǹpàkò mi, ó yọ̀ kọjá bí ìgbà téèyàn fi ẹ̀yìn ṣíbí fa dígí. Mo wá mú fáìlì, mo fi fa ẹ̀gbẹ́ irin ẹ̀, fáìlì wọ inú ẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ọ̀bẹ tó wọ inú iṣu sísè. Mo ní, "Àbúrò, èyí ò ní irin gidi nínú, tó o bá pọ́n ọn láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti kú." Nínú méjìlá, mẹ́ta péré ni fáìlì ò rí jẹ, mẹ́ta yẹn la sì mú. Inú mi ò dùn sí i rárá, torí owó tó fi ra páálí yẹn, tó bá mọ̀ ni, ì bá fi ra mẹ́ta tó máa bá a dàgbà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà, ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà. Owó kékeré kọ́ ló ń ba gọ́ọ̀jì jẹ́ o. Mo ní èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù lórí àpò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun ni mo ń mú ju gbogbo èyí tó kù lọ. Irin tó lè di ẹnu mú ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n pọ́n.

Gọ́ọ̀jì tí mò ń wí yìí, òun ni ṣísẹ́ẹ̀lì tí irin ẹ̀ ní kòtò bí páìpù tí wọ́n là sí méjì, kì í ṣe ṣísẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tí kápẹ́ńtà fi ń gbẹ́ ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń rọ ọ́ ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fún wọn ní nọ́ńbà tipẹ́tipẹ́, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí kòtò ẹ̀ ṣe jìn tó. Nọ́ńbà 1 tẹ́jú pátápátá, 2 tẹ́jú ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ gé gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, 3 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kòtò díẹ̀ tó jẹ́ pé téèyàn ò bá wò ó dáadáa á rò pé ó tẹ́jú ni, bó ṣe ń lọ sókè ló ń jìn sí i, tó bá dé 9 ó ti di ìlàjì òbìrí, 11 wá jìn gan-an bíi lẹ́tà U. Èyí tó rí bíi lẹ́tà V, 39 ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn ni fífẹ̀ ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ mìlímítà. Àwọn ilé iṣẹ́ Switzerland ń ka tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ojú ni kẹ́ ẹ fi wo kòtò ẹ̀.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ò nílò ju mẹ́ta lọ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àwọn àgbà agbẹ́gilére máa ń pín iṣẹ́ sí lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín, ẹ sì lè fi ìyẹn wo irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Nọ́ńbà 7 tó fẹ̀ tó mìlímítà 14 sí 20 lẹ máa fi lé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti fi àáké àti ẹdùn gbẹ́ igi náà kúrò ní ìtì, òun ló ń kó igi jáde. Nọ́ńbà 3 tó fẹ̀ tó 20 lẹ máa fi dán an, òun ló máa pa ojú gbogbo àpá tí 7 dá sí i rẹ́. Nọ́ńbà 9 tàbí 11 kékeré, tó fẹ̀ tó mìlímítà 5 tàbí 6, lẹ máa fi fín irun orí, ìlà ojú, ọnà etí ọpọ́n. Ẹ fi lẹ́tà V yẹn sílẹ̀ ná, ó dáa lóòótọ́ ṣùgbọ́n òun ló ṣòro pọ́n jù, ẹni tí ò tíì mọ gọ́ọ̀jì kan pọ́n, tó bá lọ ra V, á kàn bà á jẹ́ ni. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924 tó wà ní British Museum títí dòní, irin tí alágbẹ̀dẹ rọ ni irú wọn fi ń ṣiṣẹ́. Àrẹògún agbẹ́gilére ará Òsì náà, Òsì tí ò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ̀ wa níbí. Kò sí ẹni tó ra páálí oníméjìlá fún wọn.

Ó yá, ibo la ti fẹ́ rà á? Èmi, ibi àlòkù ni mo kọ́kọ́ ń lọ, àwọn tó ń ta irinṣẹ́ tòkunbọ̀ nínú ọjà, ní Kàbà tàbí ní Lọ́kọ́ja. Ibòmíràn ni ilé àwọn kápẹ́ńtà tó ti dàgbà tí wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, àpótí irinṣẹ́ wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìyàwó baba tàbí àwọn ọmọ ló fẹ́ tà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ san owó tó tọ́ fún wọn, ẹ má torí pé wọn ò mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ wá sọ pé irin lásán ni. Irinṣẹ́ tó ti bọ́ ilé kan fún ogójì ọdún kì í ṣe irin lásán.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ mú fáìlì kékeré kan sápò lọ, kẹ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó fa nǹkan kan. Ẹ fà á níbi ẹ̀yìn irin, nítòsí ẹnu, kì í ṣe nítòsí èèkù o, torí nítòsí èèkù irin tó dáa náà lè rọ̀ níbẹ̀. Tí fáìlì bá yọ̀ lórí ẹ̀ tó ń dún ṣíún ṣíún bí ẹni fi fà á lórí ìgò, irin yẹn le, ẹ rà á. Tó bá jẹ ẹ́ tó sì ń bọ́ lẹ́búlẹ́bú, ẹ gbé e sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí CAST STEEL lára èyí tó ti pẹ́, ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe irin ìkòkò tó máa ń fọ́ ni wọ́n ń sọ, irin tí wọ́n yọ́ nínú ìkòkò amọ̀ ní Sheffield láyé àtijọ́ ni, Benjamin Huntsman ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1740 lọ sókè, ó sì ń di ẹnu mú dáadáa. Èyí tí mo ní tó ní CAST STEEL lára, tí mo bá pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan mo lè fi gbẹ́ apá fún bíi wákàtí kan kí n tó tún fi na awọ kó lè mú padà, ẹ sì mọ bí apá ṣe le tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọmọ ìka wọ inú kòtò ẹ̀, láti ìdí wá sí ẹnu. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ò ti ń wò. Ìpẹtà ẹ̀yìn ò ní wàhálà, ẹ máa lọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n tí ìpẹtà bá ti jẹ inú kòtò débi pé ó lu ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná mú rí, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pọ́n ọn dé ibi ihò kan, ẹnu á ní eyín níbẹ̀, á sì máa fa ìlà sára igi. Ẹ wo ẹnu ẹ̀ náà, tó bá ní àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ àyìnrín, ẹnì kan ti jó o lórí ẹ̀rọ, ibi tó jó yẹn ti rọ̀. Tí búlúù náà ò bá ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ ẹ ṣì lè lọ̀ ọ́ kúrò, tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ dín owó ẹ̀ kù tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tún wò bóyá ẹ̀yìn ni wọ́n ti pọ́n ọn. Gọ́ọ̀jì igi gbígbẹ́, ẹ̀yìn ni gẹ̀rẹ́ ẹ̀ ń wà, ìyẹn ibi tí irin ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹnu. Èyí tí wọ́n pọ́n láti inú, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń fi í ṣe, ẹ máa pẹ́ lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i padà. Èèkù ò ṣe pàtàkì, èèkù tó ti là kì í gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ láti pààrọ̀, kódà ẹ̀ka kájú gbígbẹ tàbí ẹ̀ka ọsàn máa ṣe é.

Àwọn onípáálí wá ńkọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á rárá. Tí wọ́n bá kọ CR-V (irin tí wọ́n po chromium àti vanadium mọ́) sí i lára, ó lè jẹ́ irin tó dáa díẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn kọ ọ́ ni, fáìlì ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò sí èyí tó ti mú látinú páálí, dídán tó ń dán yẹn kì í ṣe mímú, ẹnu ẹ̀ nípọn jù.

Ọ̀nà kẹta ni alágbẹ̀dẹ, èyí ni mo fẹ́ràn jù. A ṣì ní wọn nílùú wa, wọ́n ń rọ àdá, ọkọ́ àti ọ̀bẹ, irin sìpíríǹgì abẹ́ mọ́tò ni wọ́n sì ń lò jù. Irin yẹn dáa fún gọ́ọ̀jì. Ẹ gbẹ́ àpẹẹrẹ sára igi rírọ̀ kẹ́ ẹ mú un lọ bá wọn, torí tẹ́ ẹ bá kàn fi ẹnu ṣàlàyé, ohun tó máa jáde lè jẹ́ ṣíbí. Wọ́n á jó o títí á fi pọ́n, wọ́n á lù ú wọ inú páìpù tí wọ́n là tàbí kòtò tí wọ́n gbẹ́ sára irin, kó lè tẹ̀. Nígbà tó bá ṣì rọ̀ lẹ ti máa fi fáìlì ṣe gẹ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu nípọn tó mìlímítà 1, ẹ má tíì sọ ọ́ di abẹ, kó má baà jó nínú iná.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni mímú irin le. Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n jó ibi ẹnu títí kò fi ní gbé mágnẹ́ẹ̀tì mọ́ (mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ lèmi ń lò), ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí wọ́n jẹ́ kó gbóná kọjá ìyẹn díẹ̀, kí wọ́n sì tì í bọ inú òróró, kì í ṣe inú omi. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí. Alágbẹ̀dẹ kan bá mi rọ nọ́ńbà 7 kan, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dùn ún wò, ó ní omi lòun ń lò láti ọjọ́ yìí, òótọ́ sì ni fún àdá, ó tì í bọ omi tútù, a gbọ́ "kẹ́", ohùn kékeré báyìí, bí ìgbà tí ẹyin là. Nígbà tí mo nù ún tán mo rí ìlà kan láti ẹnu wọ inú kòtò, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ bẹ́ẹ̀. Irin sìpíríǹgì fẹ́ràn òróró, òróró ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi dín àkàrà tán náà máa ṣe é, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dọ́wọ́ iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ní ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ torí ó lè gbaná.

Tó bá jáde nínú òróró, ó ti le jù nìyẹn, tó bá bọ́ sílẹ̀ ó lè fọ́, torí náà a gbọ́dọ̀ dín líle ẹ̀ kù. Ẹ fi sáńpépà fá a kó dán, kẹ́ ẹ wá gbé ìdí ẹ̀ sórí iná, kì í ṣe ẹnu ẹ̀, kí ooru máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí àwọ̀ tó ń sáré lórí irin náà: àwọ̀ koríko gbígbẹ ló máa ń ṣíwájú, lẹ́yìn ẹ̀ ni ti obì gbígbẹ, lẹ́yìn ẹ̀ ni àyìnrín, kó tó wá di búlúù. Tí àwọ̀ koríko gbígbẹ yẹn bá ti dé ẹnu, ẹ tì í bọ òróró lójú ẹsẹ̀, ó ti tó nǹkan bíi 230 nìyẹn. Ẹni tó ní gáàsì tó ní ààrò lábẹ́ lè gbé e síbẹ̀ ní 220 fún wákàtí kan, ìyẹn rọrùn jù, kò ní ìfòyà kankan nínú.

Fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́, irin inú agbòòrùn tó ti bàjẹ́, àwọn egungun ẹ̀ tó ní kòtò bíi U yẹn, ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ kàn án wọ inú èèkù kékeré, ẹ pọ́n ọn, á fín ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ lára igi rírọ̀ bí arère. Kò ní pẹ́ kó tó kú, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni.

Ó wá ku pípọ́n, kẹ́ ẹ jókòó tì mí dáadáa níbí.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá: òkúta ìpọ́nbẹ olójú méjì tí wọ́n ń tà lọ́jà, ojú kan le, ojú kejì kúnná. Wọ́tà pépà, èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, nọ́ńbà 220, 400, 800, 1500, tẹ́ ẹ bá rí 2000 ẹ mú un. Ègé dígí kan, àwọn tó ń ṣe fèrèsé alúmíníọ̀mù máa fún yín ní àjákù ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi òkúta pa etí ẹ̀ kó má gé yín lọ́wọ́. Bẹ́líìtì àtijọ́ tó jẹ́ awọ gidi. Brasso tàbí òdà ìdán mọ́tò. Máákà dúdú. Àti oríṣiríṣi igi róbótó, pẹ́ńsùlù, bírò, èèkù ìgbálẹ̀, páìpù omi, torí inú kòtò gọ́ọ̀jì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tiẹ̀. Ẹ ò nílò iná ẹlẹ́tíríìkì rárá, èyí sì dára fún wa torí ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Ẹni tó bá fẹ́ lo fílìn máṣìn àwọn wẹ́dà, ẹ̀rọ tó ń yí tí wọ́n fi ń lọ irin, ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é. Mo ti gbé gọ́ọ̀jì kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan rí pé kó bá mi lọ̀ ọ́ kíákíá, mo yíjú sí fóònù díẹ̀, kí n tó padà wò ó ẹnu ẹ̀ ti yí búlúù láti etí kan dé ìkejì. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Irin ẹnu gọ́ọ̀jì tinrin, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti jó o. Tó bá di dandan, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ìka yín sí ẹ̀yìn ẹnu ibi tẹ́ ẹ ti ń lọ̀ ọ́, tí ìka bá ti mọ ooru ẹ tì í bọ omi, ẹ wọ gíláàsì sójú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ dé ẹnu gan-an, òkúta lẹ máa fi parí ẹ̀.

Nǹkan àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ sọ ẹnu di títọ́. Ẹ gbé gọ́ọ̀jì dúró ṣánṣán lórí òkúta, bí ẹni fẹ́ fi lu òkúta náà, kẹ́ ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo eyín tó wà lẹ́nu ẹ̀ á fi lọ, tí ẹnu náà á sì gún. Ẹ máa rò pé ẹ ti bà á jẹ́ torí kò ní mú mọ́ rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ gbé e síta sábẹ́ oòrùn báyìí, ẹ wo ẹnu ẹ̀ tààrà: ẹ máa rí ìlà funfun kan tó ń tàn yíká ẹnu náà láti etí dé etí. Ìlà funfun yẹn ni atọ́nà yín. Ibi tó bá nípọn, ibẹ̀ lẹ máa lọ̀ sí i, ibi tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìlà yẹn bá poórá, tẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ oòrùn tẹ́ ẹ ò rí nǹkan kan tó tàn, ó ti mú nìyẹn, ohun tó bá ṣì ń tàn níbi kan ti kú níbẹ̀.

Ó kan gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn. Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó? Ẹ wọn bí irin ṣe nípọn tó. Tó bá nípọn mìlímítà 3, tí gẹ̀rẹ́ bá gùn ní 6, igun 30 dígírì nìyẹn, ó dáa fún igi líle bí apá àti ìrókò tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi igi lù ú. Tó bá gùn ní 7, ó ti di igun 25, ìyẹn lèmi fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Tó bá gùn ní 9, ó tó igun 20, ó máa wọ inú ọmọ̀ àti arère bí ẹni gé wàrà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e lé apá tẹ́ ẹ fi igi lù ú, ẹnu ẹ̀ máa ya. Ọ̀pọ̀ àwọn onípáálí, gẹ̀rẹ́ wọn kúrú jù, ìdí tó fi ń fa igi ya dípò kó gé e nìyẹn.

Ẹ kun gẹ̀rẹ́ yẹn pẹ̀lú máákà dúdú kó dúdú tán. Ẹ da omi tí ẹ ro ọṣẹ díẹ̀ sí sórí òkúta, ẹ gbé gẹ̀rẹ́ lé e kó fara kan òkúta pátá, ìdí ẹ̀ àti ẹnu ẹ̀. Ọwọ́ kan di èèkù mú, ìka méjì ọwọ́ kejì tẹ irin mọ́lẹ̀ nítòsí ẹnu. Ẹ wá máa fà á láti òsì sí ọ̀tún, bẹ́ ẹ ṣe ń fà á lẹ ń yí ọrùn ọwọ́, kí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ láti etí kan dé etí kejì lè kan òkúta. Yíyí yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá yí i jù, igun méjèèjì máa jẹ, ẹnu á wá yọ àárín bí èékánná, gọ́ọ̀jì tí ò ní igun ò lè gé ìdí ọnà mọ́. Tẹ́ ẹ ò bá yí i tó, àárín á jẹ, igun méjèèjì á yọ síwájú bí etí ehoro. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá ẹ gbé e sókè wò: ibi tí máákà ti kúrò lẹ ti ń lọ̀, ibi tó ṣì dúdú ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Máákà ò ní tàn yín jẹ. Tí dúdú bá kù lẹ́nu nìkan, ẹ gbé èèkù sókè díẹ̀. Tó bá kù ní ìdí, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣe é títí ìlà funfun yẹn á fi fẹ́ẹ̀ẹ́ lọ tán, kẹ́ ẹ tó lọ sí ojú tó kúnná. Ẹ fi àtàǹpàkò fa inú kòtò láti inú bọ̀ síta, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu o, ẹ ó mọ nǹkan kan tó ń kọ́ ọwọ́ yín, bí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Irin tó ti tinrin tó sì ti yí sínú ni. Tí irun yẹn bá wà láti etí dé etí láìfo ibì kankan, ẹ ti dé ẹnu pátá. Tí ò bá sí níbi kan, ibẹ̀ ò tíì tó, kẹ́ ẹ padà síbẹ̀, ẹ má tíì bọ́ sí pépà mìíràn, torí pépà tó kúnná ò ní lè ṣe ohun tí òkúta ò ṣe.

Láti ibẹ̀ ló ti yá. Ẹ tẹ́ wọ́tà pépà 400 sórí dígí, omi ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Lórí pépà ẹ máa fà á sẹ́yìn nìkan ni o, ẹ má tì í síwájú, á ya pépà. Ẹ fà á, ẹ yí i, ẹ gbé e, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn 400, 800, lẹ́yìn ẹ̀ 1500. Ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ pépà, ẹ fọ irin àti ọwọ́, torí iyanrìn kan ṣoṣo látinú pépà 400 tó bá bọ́ sórí 1500, ìlà tó máa fà kì í tètè lọ. Fún inú kòtò, ẹ yí pépà 800 mọ́ igi róbótó tó bá kòtò náà mu, tàbí tó kéré sí i díẹ̀, ẹ má lo èyí tó tóbi jù á jẹ igun. Ẹ tẹ́ ẹ lé inú kòtò gbalaja, ẹ fà á jáde láti mú irun yẹn kúrò, lẹ́yìn náà 1500. Inú gbọ́dọ̀ dán bí ẹ̀yìn ṣe dán, torí ẹnu jẹ́ ibi tí ojú méjì ti pàdé, tí inú bá ní àpá, ẹnu ní àpá nìyẹn. Èmi fúnra mi máa ń gbé igi róbótó yẹn sókè díẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, kó ṣe gẹ̀rẹ́ tín-ín-rín kan sínú náà, ó máa ń fún ẹnu lókun lórí igi líle.

Tẹ́ ẹ bá rántí àwọn onígbàjámọ̀ àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ na awọ kí wọ́n tó fárí, ohun kan náà la fẹ́ ṣe. Ẹ wá igi rírọ̀ kan, arère dáa, ẹ fi gọ́ọ̀jì yẹn gan-an gbẹ́ kòtò gígùn kan sára ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, kòtò yẹn máa bá ẹ̀yìn gọ́ọ̀jì mu rẹ́gí, kò sí òkúta tẹ́ ẹ lè rà tó máa bá a mu bẹ́ẹ̀. Ẹ fi Brasso tàbí òdà ìdán mọ́tò kun inú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn gọ́ọ̀jì sínú ẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn, ìdí ló ń ṣíwájú, ẹnu ló ń tẹ̀ lé e, bí ogún ìgbà. Ẹ ká awọ bẹ́líìtì mọ́ igi róbótó, ẹ kùn ún bákan náà, ẹ fi fa inú rẹ̀ bíi márùn-ún. Ẹ tún padà sí ẹ̀yìn. Tí irun bá ṣì wà á já bọ́ níbẹ̀, nígbà mìíràn ẹ máa rí i lórí awọ, okùn irin kékeré tó ń tàn. Gbogbo gọ́ọ̀jì mi ló ní kòtò tiẹ̀ lára pákó kan, mo kọ nọ́ńbà wọn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ má fi irun apá dán an wò. Ẹ dán an wò lára igi, kẹ́ ẹ gé e ní ìbú, ìyẹn ni pé kí gọ́ọ̀jì gba orí ọ̀nà igi, àwọn ìlà tó gùn lára igi, kọjá, kì í ṣe kó bá a lọ. Igi rírọ̀ ló máa ń sọ òótọ́ jù, arère tàbí ọmọ̀, torí igi líle á gba ẹnu tí ò mú tó. Tí ibi tẹ́ ẹ gé bá ń dán bí ẹni fi òrí pa á, ó mú. Tó bá rí húkẹhùkẹ tó funfun, kò tíì mú. Tó bá dán ṣùgbọ́n tí ìlà funfun kan gba àárín ẹ̀ kọjá, eyín kan wà lẹ́nu níbẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ oòrùn ẹ máa rí i, ẹ padà sí 800.

Nígbà àkọ́kọ́ ó lè gba wákàtí méjì fún gọ́ọ̀jì kan, ní pàtàkì àwọn onípáálí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ò ní padà sórí òkúta fún ìgbà pípẹ́, awọ nìkan ni, ẹ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 30, ẹ fi na awọ ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Àṣìṣe àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé wọ́n máa ń dúró dìgbà tó bá kú pátápátá, wọ́n á wá máa fi agbára tì í, ibẹ̀ ni irin ti ń yọ̀ gún wọn lọ́wọ́. Gọ́ọ̀jì tó kú ló ń ṣe èèyàn léṣe ju èyí tó mú lọ. Ẹ fi kíláǹpù tàbí wèjì de igi mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́yìn ẹnu ní gbogbo ìgbà, ẹ má fi itan gbé igi. Tí irin bá sì gé yín, ní pàtàkì àlòkù tó ti dípẹtà, ẹ fọ ojú egbò náà dáadáa kẹ́ ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ má fi ewé nìkan dì í.

Èyí tí ìpẹtà bá bo, ẹ rì í sínú fínígà mọ́jú, kìkì irin o, kí èèkù má wọ̀ ọ́, láàárọ̀ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ọṣẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi òróró pa á. Ní àsìkò òjò èmi ń fi òrí pa gbogbo tèmi lálẹ́, mo sì ní aṣọ líle tí mo rán àpò wẹ́wẹ́ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tiẹ̀, kí ẹnu wọn má kan ara wọn. Ẹ má kó wọn pọ̀ sínú gáréwà, iṣẹ́ wákàtí méjì lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá kọ lu ara wọn.

Ọmọkùnrin tó ni páálí yẹn padà wá lánàá, ó mú ègé arère kan dání, ó ti fi ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn gé e ní ìbú, ó ń dán, àmọ́ ìlà funfun kan gba apá òsì. Mo ní kó padà sí 800. Ọjọ́ Sátidé a jọ ń lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ lọ́nà Ìyàrà pẹ̀lú àpẹẹrẹ nọ́ńbà 3 tó gbẹ́ fúnra ẹ̀, torí nínú méjìlá yẹn, nọ́ńbà 3 wà lára àwọn tí fáìlì jẹ.